Omi Díẹ̀, Omi Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ásíìdì

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ṣòro láti há sórí: ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Ẹni tó bá ka kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀pọ̀ sì ti gbàgbé, nítorí òfin lásán ni wọ́n fi kọ́ wọn, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Òfin tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kì í báni dé ẹnu iṣẹ́. Lóru, tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn, tí ìlà tírélà tó ń lọ sí èbúté sì ti ń sún síwájú, ohun tó bá wà nítòsí ni ọwọ́ ń mú. Ìdí òfin yìí ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ásíìdì kò jìnnà sí wa níbí, ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Bátìrì méjìméjì ni ọ̀pọ̀ tírélà ń gbé, fóltì 12 kọ̀ọ̀kan, kí méjèèjì lè di 24. Ásíìdì ló wà nínú wọn. Lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì létí ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, ẹ ó rí kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé òróró rí, tó wá ń gbé omi bátìrì báyìí. Nínú èbúté, inú dúrọ́ọ̀mù àti táǹkì ló máa ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Nínú ilé, ó wà nínú oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì wà nínú bátìrì tí ẹni tó ní inverter gbé sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Àní sẹ́, èbúté Tin Can fúnra rẹ̀, ọ̀ràn kẹ́míkà àti omi wà nínú ìtàn bó ṣe débẹ̀. Lọ́dún 1975, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, sìmẹ́ńtì tí Nàìjíríà rà láti òkè òkun pọ̀ ju ohun tí èbúté Àpápá lè já lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló dúró sójú òkun, tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dúró ni ọ̀rinrin òkun ń wọ inú àpò, tí sìmẹ́ńtì ń gan níbi tó wà. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe sáré kọ́ èbúté tuntun sí Tin Can, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ásíìdì, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bíríkìlà mọ̀ pé bí ẹ bá po sìmẹ́ńtì púpọ̀ pọ̀, ara rẹ̀ á gbóná. Àwọn nǹkan kan wà láyé tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á tú ìgbóná sílẹ̀, láìsí iná, láìsí ìṣáná. Ògidì ásíìdì wà lára àwọn tó le jù nínú wọn.

Kí n ya ògidì sọ́tọ̀ kúrò lára àbùlà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ásíìdì wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ó wà nínú omi ògì tó kan, ó wà nínú ikùn olúkúlùkù wa níbi tó ti ń bá wa lọ oúnjẹ. Omi pọ̀ lára gbogbo ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè fún ọsàn sínú ife omi láìsí wàhálà kankan. Ásíìdì tí wọ́n ń pè ní sọ́fúríkì ni tòní dá lé lórí. Bó bá jáde nílé iṣẹ́ ní ògidì, nínú gbogbo ìwọ̀n 100, 98 ni ásíìdì, omi kò ju 2 lọ. Nígbà tó bá fi máa wọ inú bátìrì, wọ́n ti bù ú là títí ásíìdì fi ku 35 sí 38 nínú 100. Orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pe méjèèjì. Wọ́n kì í ṣe ohun kan náà rárá.

Ẹ wo ìwúwo wọn. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Lítà omi bátìrì tuntun, ìwúwo rẹ̀ wà láàrin kílò 1.26 àti 1.28. Lítà ògidì kan wúwo tó kílò 1.84, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì omi. Ẹ fi ìwúwo yìí sọ́kàn, yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí méjèèjì bá pàdé? Òǹgbẹ omi ń gbẹ ògidì sọ́fúríkì. Bí olùkọ́ bá rọ díẹ̀ lé ṣúgà lórí nínú gíláàsì, lójú yín báyìí ni ṣúgà funfun yóò ti di pípọ́n, tí yóò di dúdú, tí yóò sì wú jáde lẹ́nu gíláàsì bí èédú. Ásíìdì ti fa èròjà omi tó wà lára ṣúgà jáde ni, èédú nìkan ló ṣẹ́kù. Bó ṣe ń ṣe aṣọ òwú nìyẹn, bó ṣe ń ṣe igi nìyẹn, bó ṣe ń ṣe awọ ara ènìyàn nìyẹn.

Bó bá wá rí omi gidi, ńṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ásíìdì á bọ́ ẹ̀yà hídírójìn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún omi, omi á gbà á, agbára tó wà nínú ìsopọ̀ tuntun yìí á sì jáde ní ìgbóná. Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló kọ́kọ́ là á yé ayé nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1884 pé inú omi ni irú àwọn nǹkan báyìí ti ń pín sí wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná mànàmáná. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò ka ìwé náà sí nǹkan ńlá. Lọ́dún 1903 ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Ìgbóná tí mo ń sọ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá da lítà ògidì kan sínú omi tó pọ̀ gan-an, ìgbóná tó ń jáde tó láti mú bíi lítà omi ẹ̀rọ mẹ́rin hó. Lítà kan péré! Ìgbóná náà kò ṣeé dá dúró, torí kò sí iná tí a fẹ́ pa. Ohun tí agbára wa ká ni ibi tí yóò jáde sí, àti bó ṣe máa yára tó.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ètò ẹni tó ń wọlé tọ ẹnì kejì fi ṣe pàtàkì. Ká ní kẹ́ẹ̀gì ògidì ló wà nílẹ̀, tí ẹnìkan wá da ife omi kan lé e. Omi fúyẹ́, ásíìdì wúwo. Omi kò ní rì, orí ásíìdì ni yóò léfòó sí. Níbi tí méjèèjì ti kan ara wọn, ìyẹn ojú tín-ín-rín kan lásán, gbogbo ìgbóná náà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100. Ògidì kì í hó títí yóò fi ju 300 lọ. Omi díẹ̀ yẹn á di ooru lójijì, á wú, á wá ọ̀nà jáde, á sì gbé ásíìdì dání bó ṣe ń fò sókè. Ẹ̀yin ìyá tó ń dín dùndú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí omi bá kán sínú òróró tó ti gbóná. Ọ̀kan náà ni, àfi pé ohun tó ń ta síni lójú níbí kì í ṣe òróró, kò sì dẹ́kun iṣẹ́ nígbà tó bá tutù.

Ẹ jẹ́ ká wá yí i padà. Omi tútù ló wà nínú ike ńlá, ásíìdì la sì ń rọ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìṣàn òwú. Ásíìdì wúwo, ó ń rì sísàlẹ̀, ó sì ń tàn ká inú omi bó ṣe ń lọ. Ìgbóná ń jáde, ṣùgbọ́n odidi omi ló ń gbà á, omi sì mọ ìgbóná gbà ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ẹni tó ń ṣe é á máa rò ó, á dúró kí ó tutù, á tún rọ díẹ̀ sí i. Bí ara ike bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ó ti yára jù nìyẹn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì irin, torí àbùlà á jẹ ẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgò lásán, torí ìgbóná lè fọ́ ọ sọ́wọ́ ẹni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń béèrè báyìí pé: “Ṣebí ó ṣojú mi, tí bàbá tó ń ṣáàjì bátìrì ṣí ìdérí bátìrì mi, tó da omi sí i, tí nǹkan kan kò ta sí ẹnikẹ́ni?” Òótọ́ ni, kò sì sí ohun tó burú nínú ohun tí bàbá náà ṣe. Àbùlà ló wà nínú bátìrì. Omi ti ju ìdajì lọ nínú rẹ̀, ìgbóná tó pọ̀ jù sì ti jáde nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bù ú là. Omi tí bàbá ń dà sí i, ó ń dí àyè omi tó ti lọ ni. Bí a bá ń ṣáàjì bátìrì, iná máa ń pín díẹ̀ lára omi náà sí afẹ́fẹ́ hídírójìn àti ọ́síjìn. Ooru ẹ́ńjìnnì náà ń fa díẹ̀ lọ. Ásíìdì kì í bá wọn lọ, ó ń dúró sílẹ̀. Nítorí náà omi ni bátìrì ń bèèrè, omi dísítílì tí kò ní ohunkóhun nínú. Omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hóòlù apá ibí kò dára fún un, torí pé òkun sún mọ́ wa, iyọ̀ sì ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ wa.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. Ọmọ iṣẹ́ tó ń da omi sí bátìrì lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn pé omi lè wọlé tọ ásíìdì láìsí ewu. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì ògidì lé e lọ́wọ́ pé kó bù ú là kí ó lè pọ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni yóò ṣe. Kò ní gíláàsì ojú, kò ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sálúbàtà ló wọ̀. Èrò tèmi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́ ọ dáadáa: ògidì kò ní ohun tó ń wá létí títì. Ẹ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti bù là. Bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ga, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ fi díẹ̀ yẹn rà.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn awakọ̀ máa ń sọ, pé “ásíìdì bátìrì yìí ti kú, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀.” Lọ́pọ̀ ìgbà, ásíìdì kò kú. Láti ìgbà tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ lọ́dún 1859, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́: bí bátìrì bá ń fún wa ní iná, ásíìdì ń wọ inú òjé lọ, omi sì ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀, ásíìdì á jáde kúrò lára òjé padà sínú omi. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀, ásíìdì àti omi ń pàdé, wọ́n ń pínyà, nínú àpótí kékeré yẹn. Àwọn oníṣáàjì ní ìwọ̀n onígíláàsì tó ní rọ́bà lórí, tí wọ́n fi ń fa omi bátìrì wò. Bó bá sún mọ́ 1.28, bátìrì yó. Bó bá wálẹ̀ sí 1.12, òǹgbẹ iná ló ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá wá da ásíìdì tuntun sí i dípò kó ṣáàjì rẹ̀, yóò le jù lọ́jọ́ tí tinú òjé bá padà jáde, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú bátìrì. Ẹ má gbàgbé hídírójìn tí mo dárúkọ. Afẹ́fẹ́ náà ń jáde lẹ́nu bátìrì tó wà lórí iná, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, iná kékeré kan tó láti mú kí odidi bátìrì bú gbàmù.

Ní ti inú èbúté, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tí kò mọ̀ lẹ́nu. Táǹkì irin ni wọ́n sábà fi ń gbé ògidì sọ́fúríkì. Irin! Bí ògidì bá kan irin, ìpele tín-ín-rín kan máa ń dì sára irin náà, èyí tó ń dáàbò bò ó. Àmọ́ jẹ́ kí omi wọ ibẹ̀. Ásíìdì tó ti di àbùlà á tú ìpele yẹn ká, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, hídírójìn á sì kún inú táǹkì. Nítorí náà táǹkì tí wọ́n ní “ó ti tán, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́”, tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òjò oṣù kẹfà, ó lè léwu ju èyí tó kún lọ. Ìṣẹ́kù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rí omi mu. Kí wálídà tó gbé iná wá síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí táǹkì náà gbé. Àní bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó nìkan tó fún un: dúrọ́ọ̀mù ògidì tí a kò dé dáadáa á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, yóò sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ dọ́ọ̀kì, ẹ̀yin ẹ́jẹ́ǹtì, ẹ̀yin mọ́tò bọ́ọ̀yì, ẹ kọ́ láti ka ara kọ̀ǹtéénà. Gbogbo ayé ló fẹnu kò sórí àmì kan: pátákó onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró, òkè rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí wọ́n ya omi tó ń kán sórí ọwọ́ ènìyàn àti sórí irin. Nọ́ńbà 8 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun tó ń jẹ ara àti irin ló wà nínú rẹ̀. Nítòsí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí lẹ́tà UN ṣáájú. Bó bá jẹ́ 1830, sọ́fúríkì tó le ni, èyí tó ju 51 lọ nínú 100. Bó bá jẹ́ 2796, àbùlà ni, irú ti bátìrì. 2794 ni bátìrì tó ti ní ásíìdì nínú. 1789 ni ásíìdì tí wọ́n ń pè ní haidirokilóríkì, 2031 sì ni náítíríkì. Kò gba ìwé gíga láti há márùn-ún yìí sórí, mo sì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé ẹrù ní Tin Can mọ méjì àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe mọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ tó gbé 1830 bá ń jò, ẹ má sáré gbé họ́ọ̀sì omi tọ ihò tó ń jò. Ẹ lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767.

Kí n yà sí inú ilé díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àti ọ̀dọ́ tó ń se ọṣẹ olómi ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ ń ra sulphonic àti kọ́sítíìkì ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta, òfin kan náà ló de kọ́sítíìkì: òun ni kí ẹ máa bù sínú omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe omi ni kí ẹ dà lé e. Ìgbóná tirẹ̀ náà le. Àwọn tó ń fi ásíìdì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má po Hypo mọ́ ọn láé. Afẹ́fẹ́ kilorín ló ń jáde níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé kò sì fún ẹ̀dọ̀fóró láyè láti sá. Ẹ má sì rọ ásíìdì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé mọ ìgò, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dà rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Bí ásíìdì bá ta sí ara ènìyàn, ṣé kí a da omi sí i? Àwọn kan á ní rárá, ṣebí wọ́n ní omi kì í wọlé tọ ásíìdì. Wọ́n á wá lọ gbé epo pupa, tàbí ẹyin, tàbí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni, omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì tó wà lára kò pọ̀, omi tí a fẹ́ dà sí i ló pọ̀, nítorí náà ìgbóná náà kò ní ibi tí yóò gbé kóra jọ. Omi ń gbé òun àti ásíìdì lọ pa pọ̀. Omi díẹ̀ ló léwu. Aṣọ tútù tí ẹ fi nù ún lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ omi kan tí ẹ wọ́n sí i tí ẹ dáwọ́ dúró, ìyẹn ló ń sun ara. Ẹ dà á wàrà, kí ó máa ṣàn lọ, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ẹ ti ń dà á ni kí ẹ máa gé aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ẹ má bọ́ ọ gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí orí dẹ̀gbẹ́, kí omi tó ń ti ojú kan jáde má ṣàn wọ ìkejì. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ jẹ́ kó yọ ẹnu, ẹ má fipá mú un bì.

Mo mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú omi ṣíṣàn kò rọrùn ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní ẹ̀rọ omi, tó jẹ́ pé ọwọ́ mẹ́rúwà la ti ń rà á. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ni pé ẹ̀rọ ìfọjú gbọ́dọ̀ máa tú lítà kan àbọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 15. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, kò tó lítà 23. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rúwà kan, olítà 25, kájú ìṣẹ́jú 15 yẹn; fún ogún ìṣẹ́jú tiwa, ẹ fi ìkejì tì í! Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá onílítà ààbọ̀, lítà mẹ́wàá péré ni. Ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n píọ̀ wọ́tà ní àǹfààní kan, torí omi rẹ̀ mọ́, bí ẹ bá sì gé igun ọ̀rá náà, omi á máa jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó dára fún ojú títí kẹ́ẹ̀gì á fi dé. Bó bá jẹ́ àyà tàbí ẹ̀yìn ni ásíìdì bà, kẹ́ẹ̀gì kò tó. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù olítà 200, tó kún, tó ní ìdérí àti abọ́ ìbomi lórí, ló yẹ kó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìṣáàjì bátìrì. Kí ọ̀gá tó ra ásíìdì, kí ó ti ra omi. Omi inú dúrọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe èyí tí a fi ń fọ ọkọ̀ o. Bó bá ti dín kù, kí a tún bu omi kún un.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló dà sí, iyanrìn ni kí ẹ fi dí i mọ́ kí ó má tàn. Ẹ má da ìyẹ̀ pákó lé e bí a ti ń ṣe fún epo, torí ògidì lè sun pákó di èédú, ó sì lè gbiná. Eérú igi, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ń pa agbára ásíìdì. Ẹ lè bù ú lé orí ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, yóò hó, ẹ dúró kó dákẹ́. Ilẹ̀ nìkan ni mo ní o, n kò ní ara ènìyàn. Omi bátìrì àlòkù ní tirẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà. Omi gọ́tà á bu ásíìdì rẹ̀ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè bu òjé tó wà nínú rẹ̀ dànù. Bí àkúnya omi bá sì dé, inú yàrá tí àwọn ọmọ ń rá kòrò ni òjé náà ń bá a wọ̀.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú omi, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, ẹ gbé ẹni náà lọ sí Ọsibítù Ìjọba Ajéròmí tàbí ti Àpápá, èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Ọsibítù Ìjọba Gbàgádà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí iná tàbí kẹ́míkà jó, wọ́n lè darí yín síbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, àwọn dókítà á bèèrè irú ásíìdì tó jẹ́. Ẹ má sọ pé “ásíìdì ni” kí ẹ dákẹ́. Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ fún wọn.